Ìjánu Ẹ̀yìn

Ẹ rìn ládùúgbò wa ní Bàrígà lálẹ́, láti Jagunmólú wọ ọ̀nà Ìlàjẹ, kí ẹ máa wo abẹ́ táyà. Òkúta ni ẹ ó rí. Búlọ́ọ̀kù tó fọ́, gígé pákó, nígbà mìíràn odidi ọlọ tí ìyá ẹnì kan ti pa tì. Hánbíréèkì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti dàgbà ò ṣiṣẹ́ mọ́. Awakọ̀ á ní, "Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Èkó ò lókè." Irọ́ ni o! Gbogbo ilé tó bá ní gọ́tà níwájú ló lókè: kọnkéré dídàgẹ̀rẹ̀ tí ọkọ̀ ń gùn wọlé.

Lọ́dún tó kọjá, orí irú rẹ̀ ni ọkọ̀ aládùúgbò wa kan ti yọ̀ sẹ́yìn. Àwọn ọmọdé ti gbé òkúta rẹ̀ lọ fi ṣe ojúlé bọ́ọ̀lù. Ọkọ̀ náà rọra ń bọ̀, kò pariwo, ó sì wó àdògán ìyá alákàrà. Ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lọ bu iyọ̀ ni. Òróró gbígbóná ṣàn wọ gọ́tà, à ń gbọ́ bó ṣe ń dún ṣáàà. Láti ọjọ́ náà, ọkàn mi ò balẹ̀ sí V-boot bàbá mi. Òkúta méjì lòun náà gbára lé, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni àbúrò mi obìnrin máa ń gbé àga sí kàwé, nítorí òjìji.

"Ọkọ̀ Jámánì kì í kú," bàbá mi máa ń wí. Ó ń ṣe mí bíi kí n sọ pé kì í kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè pa èèyàn. Mo gbé e mì.

Ní kíláàsì wa, "ìjánu" là ń pe bíréèkì. Irin ẹnu ẹṣin ni tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ la ti rí ìkóra-ẹni-níjàánu. Mo ṣàlàyé èyí fún mẹkáníìkì wa. Ó rẹ́rìn-ín. "Yunifásítì, ẹṣin wo? Gbé sípánà sẹ́fúntíìn wá jàre."

Ẹ gbọ́ ohun tó fi hàn mí. Bíréèkì ẹsẹ̀ tó bá ní dísìkì kò ní ohun tí à ń yí. Bí páàdì bá ṣe ń tán, pístìn á máa sún tẹ̀ lé e fúnra rẹ̀, omi bíréèkì á sì máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú ike rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbowó lọ́wọ́ yín láti "ádíjọ́ọ̀sì" páàdì ẹ̀yìn, ẹ bi í pé kí ló fẹ́ yí gan-an. Hánbíréèkì lọ̀rọ̀ kàn. Nínú V-boot, ikùn dísìkì ẹ̀yìn dà bí ìkòkò kékeré. Ṣúù méjì wà níbẹ̀ tí wáyà ń fà. (Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ hánbíréèkì ọkọ̀ yìí, ọwọ́ ni wọ́n fi ń tú u. Ẹ má bi mí léèrè orúkọ.)

Ó fi òkúta dí táyà iwájú, ó tú hánbíréèkì, ó fi gíà sí nútírà, ó fi jáàkì gbé ẹ̀yìn, ó sì fi irin dúró sábẹ́ rẹ̀, torí jáàkì nìkan kò ṣeé fọkàn tán. Bóòtù táyà kan péré ló tú. Ó yí táyà títí ihò bóòtù náà fi ko irin eléyín kan nínú lọ́hùn-ún. Ó ki sukurudiráfà bọ̀ ọ́, ó ń yí i léyín kọ̀ọ̀kan, ta, ta, ta, títí táyà fi kọ̀ tí kò yí mọ́. Ó wá dá a padà ní eyín mẹ́fà, táyà sì yí fàlàlà. "Iye kan náà lápá kejì o," ó ní. "Má sì kọ́kọ́ fa wáyà. Ẹni tó bá fa wáyà ṣáájú, ṣúù á máa ha dísìkì lójú ọ̀nà, á gbóná."

Apá ọ̀tún gbọ́ràn. Apá òsì kọ̀. Ó yí i, yí i, kò gán. Ó tú gbogbo táyà àti dísìkì: ara ṣúù ti ṣí kúrò lórí irin rẹ̀, ó fọ́ sínú bí èèpo ẹ̀pà.

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó pẹ́. "Èló ló máa jẹ́ ní Ládípọ̀?"

"Dádì, ó di ká débẹ̀. Tòkunbọ̀ ni kẹ́ ẹ má rà."

Sátidé la ó lọ. Àbúrò mi ti gbé àga rẹ̀ lọ sábẹ́ fèrèsé. Ó ń bínú pé oòrùn ń pa òun.