Igbó ẹlòmíràn la sanwó wò



Nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, àwa mẹ́fà gbéra ní Bantè lórí alùpùpù mẹ́ta. A gba Savalou, a gba Tchetti, a wọ Togo. Omi Akloa tó ń já láti orí àpáta, lápá Badou, la fẹ́ fojú ara wa rí.

Atakpamé la sùn. Ìyá tó ta àkàrà fún wa láàárọ̀ ń sọ Ifẹ̀, àwa ń sọ Itcha, a ò sì wá ògbufọ̀. Nígbà tí Faransé àti Jámánì fìwé pín ilẹ̀ yìí ní 1897, wọn ò bi àwọn ìyá rẹ̀ léèrè, wọn ò bi tiwa náà. Ó fi àkàrà méjì ṣe ènì fún wa, ó ní, "Ọmọ ilé ni ẹ̀yin náà."

Ní Tomégbé, a san owó ìwọlé, wọ́n fún wa ní ọmọkùnrin kan tó mọ̀nà. A gba inú oko kòkó àti kọfí, à ń gòkè, à ń sọ̀ kalẹ̀. Kí a tó rí omi la ti ń gbọ́ ọ. Nígbà tí a yọ sí i, ó ń já bọ́ láti ibi tó ga tó mítà 35, ó ń ta sí wa lójú. Gbogbo wa dákẹ́.

Ọmọ náà ní bí wọ́n bá gé igi orí òkè, omi á gbẹ, àlejò ò ní wá mọ́. Ó wá fi Faransé bi wá: "Ṣé ẹ̀yin ò ní igbó ni?"

A ní in. Igbó ìjọba ti Agoua wà nítòsí wa. Ṣùgbọ́n méjì nínú àwa mẹ́fà ń ta èédú, àwa mẹ́rin yòókù ń rà á. Igi apá tí àwọn baba wa kì í fọwọ́ kàn láìjúbà ti di àpò èédú lẹ́bàá títì. Odò tí a ti ń lúwẹ̀ẹ́ ní kékeré, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, iyanrìn ni.

A ò rí èsì fún ọmọ náà.

Àwọn méjèèjì ò tíì lè fi èédú sílẹ̀, owó iléèwé àwọn ọmọ ń bẹ nídìí ẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti fẹnu kò: bí òjò bá tún dé, ẹnì kọ̀ọ̀kan wa á gbin igi mẹ́wàá, kì í ṣe kajú, apá àti ìrókò ni. Ẹ̀yin ará Agoua, Pira àti Gouka, ta ló ní irúgbìn? Ta ni yóò bá wa gbìn ín?