Àdàbà Funfun Orí Igi Màngòrò Wa



Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àdàbà kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Bassila, lábẹ́ igi màngòrò níbi tí a ti máa ń fẹ́ ọkà. Funfun ni. Kì í ṣe funfun báláú bíi ti lékeléke, nítorí pé àwọ̀ pupa rúsúrúsú ṣì kù díẹ̀ ní ọrùn rẹ̀ àti ní apá kan, ṣùgbọ́n láàrin àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó hàn bí ẹfun lára ògiri amọ̀.

Àkọ́bí wa ti mú kànnàkànnà. A gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá ilé kejì ní ẹyẹlé ẹnìkan ni ó sá jáde. Ìyá àgbà wa tí ó ti Manigri wá kí wa ní rárá, ẹyẹlé tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí á pa ẹnu mọ́ kí á gbọ́ ohùn rẹ̀. A gbọ́. Àdàbà ni. Ìgbà náà ni obìnrin kan tí ó wá ra ọkà sọ pé ẹyẹ burúkú ni, kí á pa á. Ó wá wo ọmọ wa kejì, ó ní, “Àbí ẹ ń kó wọn jọ ni?”

A kò tíì sọ fún yín pé àfín ni ọmọ wa kejì. Ẹni tí ó mọ̀ wá mọ̀ ọ́n: òun ni ó máa ń dé fìlà ńlá nínú oòrùn, tí ó sì máa ń jókòó síwájú pátápátá ní ilé ẹ̀kọ́ kí ó lè rí ohun tí olùkọ́ kọ. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Kò sunkún. Ohun tí ó bi wá lálẹ́ ọjọ́ náà ni pé, “Màmá, ṣé àwọn ẹyẹ yòókù máa ń bá a jẹun?”

A kò mọ̀. Nítorí náà, a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ láràárọ̀.

Wọ́n ń bá a jẹun. Òun gan-an tilẹ̀ máa ń lé ẹlòmíràn kúrò nídìí ọkà. Ó ní ẹnìkejì, tí àwọ̀ tirẹ̀ pé, wọ́n sì jọ kọ́ ìtẹ́ tí kò nílàárí sórí igi náà, nítorí àdàbà kò mọ ilé kọ́. Ọmọ méjì ni wọ́n pa, àwọ̀ àwọn méjèèjì sì rí bíi ti gbogbo àdàbà.

Ohun tí ó ń fún ìyẹ́, irun àti awọ ara ní dúdú tàbí rúsúrúsú, mẹ́lánììnì ni orúkọ rẹ̀. Ẹyẹ tí ó jẹ́ àfín gan-an kò ní in rárá. Ojú rẹ̀ a máa pọ́n, kì í sì í ríran dáadáa. Ti àdàbà wa kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyẹ́ nìkan ni kò dé. Ojú rẹ̀ dúdú kirikiri. Ọmọ wa ni ó kọ́kọ́ rí i, ó ní, “Ojú tirẹ̀ dára ju tèmi lọ.”

(Ẹ má fi èyí wé ẹ̀gà o. Bí akọ ẹ̀gà bá pààrọ̀ aṣọ nígbà òjò, àṣà rẹ̀ ni. Àwọ̀ pupa apá àlùkò sì tún yàtọ̀: bàbà, irin pupa nì, wà nínú rẹ̀.)

Ní ti àfín, láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá méjèèjì ni ọmọ ti ń jogún rẹ̀, bí àwọn fúnra wọn tilẹ̀ dúdú. Àwa méjèèjì dúdú. Nígbà tí a bí ọmọ yìí, ẹnìkan nínú ẹbí sọ sí ìyá rẹ̀ létí ohun tí a kò ní kọ síhìn-ín, ọdún méjì sì kọjá kí a tó tún jọ jẹun. Ẹni tí ó lè ṣàlàyé fún wa nígbà náà kò sí nítòsí.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, a kò rí àdàbà náà mọ́. Ó lè jẹ́ àṣá ni ó gbé e, nítorí ẹyẹ funfun kì í sá pamọ́ sínú ewé. Ìyẹ́ apá kan ṣoṣo ni ọmọ wa rí lábẹ́ igi, ẹnu rẹ̀ ti jẹ. Mẹ́lánììnì a máa mú ìyẹ́ le. Èyí tí kò bá ní in a tètè gbó.

Ní ọdún 2014 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ 13 oṣù kẹfà sọ́tọ̀ fún àwọn àfín. Ní ọjọ́ náà, ọmọ wa mú ìyẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n bi í pé ẹyẹ wo ni. Ó ní àdàbà ni. Wọ́n ní irọ́ ni. Ó ní kí wọ́n lọ bi Ìyá àgbà òun ní Manigri.