Kílọ́ọ̀ṣì Tó Tó fún Ọkọ̀ Kan

Ọ̀rọ̀ kílọ́ọ̀ṣì kì í sábà di ọ̀rọ̀ ìdílé, ṣùgbọ́n nínú ilé kan ní Ìbàdàn, odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi jíròrò lé e lórí. Baálé ilé náà ní ọkọ̀ ìsáré kan, Nissan 350Z, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Nissan bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ọdún 2002. Tirẹ̀ jẹ́ ti ọdún 2004, tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wọlé. Owó àjọ ọdún púpọ̀ ló kó lé e. Ìjókòó méjì péré ló wà nínú rẹ̀, àwọn àna rẹ̀ kò sì yé béèrè ibi tí ó ń kó ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta sí.

Orí òkè Mọ́kọ́lá ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ó wà ní jíà kẹrin, ó tẹ epo, ẹ́ńjìnnì ké tantan, abẹ́rẹ́ tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì sì fò sókè, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò sáré ju bó ṣe ń sáré tẹ́lẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni òórùn ohun tó ń jó gba inú ọkọ̀ kan. Ẹni tó bá ti wa ọkọ̀ pẹ́ kò ní í wádìí púpọ̀ kí ó tó mọ̀ pé kílọ́ọ̀ṣì ló ń yọ̀.

Fún ẹni tí kò wa ọkọ̀ oní-jíà rí, alárinà ni kílọ́ọ̀ṣì jẹ́ láàárín ẹ́ńjìnnì àti jíà. Àwo irin ńlá kan, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní fúláìwíìlì, ń bá ẹ́ńjìnnì yí. Àwo kejì, tí wọ́n fi ohun tí kì í yọ̀ bò níwájú àti lẹ́yìn, so mọ́ jíà. Irin oní-sípíríìngì kan ló ń tẹ àwo kejì yìí mọ́ èkíní, tí àwọn méjèèjì fi ń yí pọ̀. Bí ẹsẹ̀ òsì bá ti tẹ pẹ́dàlì, irin náà a dẹ̀, wọn a sì tú ká. Àwọn àgbà ní bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà a yẹba. Ti inú ọkọ̀ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Kì í yẹba títí ọkọ̀ yóò fi kú. Òun gan-an ló ń jìyà gbogbo ìjà tọkọtaya.

Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jọ fẹ́ràn ọkọ̀ ìsáré ti ní ìmọ̀ràn nílẹ̀. Wọ́n ní kí ó má wulẹ̀ ra irú èyí tí ilé-iṣẹ́ fi sí i mọ́. Kí ó ra èyí tí sípíríìngì rẹ̀ le, tí ojú àwo rẹ̀ jẹ́ ègé-ègé tí wọ́n fi lúlúù bàbà àti ohun bí amọ̀ sísun ṣe. Wọ́n tún ní kí ó yọ fúláìwíìlì alápá-méjì tó bá ọkọ̀ wá, kí ó fi ẹyọ kan tó fúyẹ́ rọ́pò. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Agbára ẹṣin 287 ni ẹ́ńjìnnì náà ní nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń tà á ní Amẹ́ríkà, kílọ́ọ̀ṣì ilé-iṣẹ́ sì tó o gbé. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fi turbo sí i, tí agbára ẹ́ńjìnnì fò sókè, kílọ́ọ̀ṣì yẹn kò ní í lè dì í mú. Turbo yìí sì ni àlá ọkùnrin náà láti ọjọ́ tí ó ti ra ọkọ̀. Ó ní ìwé pélébé kan tí ó ń kọ iye owó ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sí.

Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ kò tẹnu mọ́ ni ohun tí agbára yẹn ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Sípíríìngì tó le, pẹ́dàlì rẹ̀ á le. Kí ènìyàn wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní Ìwó Road fún wákàtí kan, kí ó máa fi orúnkún òsì jà á, ìyẹn kì í ṣe eré mọ́. Ojú àwo onígèé-gèé kì í gbà pẹ̀lẹ́: bó bá kan fúláìwíìlì, ó gbá a mú lójijì ni, ọkọ̀ á sì ta bí ẹṣin tí wọ́n gún ní kẹ́sẹ́. Ìgbọ̀nrìrì ẹ́ńjìnnì ni fúláìwíìlì alápá-méjì ń gbà sára. Bí wọ́n bá yọ ọ́, jíà á máa dún kẹrẹkẹrẹ nígbàkígbà tí ọkọ̀ bá dúró lójú kan. Agbára tí kílọ́ọ̀ṣì bá sì kọ̀ láti yọ̀ fún, inú jíà àti ìdí ọkọ̀ ló ń lọ. Ibi tó máa já kàn ń yí ipò padà ni. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó dà bíi pé mẹkáníìkì ni ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà nílẹ̀. Àkọ́bí ọkùnrin náà, obìnrin, ń múra láti lọ kàwé ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Níbẹ̀, ẹni tó bá fi ọkọ̀ tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì ṣe ìdánwò ìwakọ̀, ìwé àṣẹ tí wọn yóò fún un kò ní í jẹ́ kí ó wa oní-jíà. Nítorí náà, bàbá ti ń kọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, nínú ọkọ̀ olójú-ìjókòó-méjì yìí, nítorí òun nìkan ló ní jíà nínú ilé. Àwọn ọ̀dọ́ fi èyí náà gbe ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀: wọ́n ní ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ yóò jó kílọ́ọ̀ṣì ilé-iṣẹ́ ráúráú kí oṣù tó parí.

Mẹkáníìkì rẹ̀ ní Agodi Gate rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ lè jẹ́ kó yọ̀ díẹ̀. Èyí tí wọ́n ń júwe fún yín yẹn kò mọ yíyọ̀. Ọmọ á kàn máa pa ẹ́ńjìnnì ni, ẹ̀rù á sì bà á.” Lẹ́yìn èyí ni ó sọ jíà kalẹ̀. Ó kọ́kọ́ wò bóyá epo ẹ́ńjìnnì ń jò sójú àwo, nítorí bí ó bá jẹ́ pé epo ni, kò sí kílọ́ọ̀ṣì tó le tí kò ní í yọ̀. Kò sí epo. Àwo náà ni ó ti jẹ títí dé orí ìṣó tó dì í mú, ojú fúláìwíìlì sì ti ní àmì aláró níbi tí iná ti pọ̀ jù.

Nítorí náà, kílọ́ọ̀ṣì ilé-iṣẹ́ kò kùnà. Ó gbó ni. Ó gbé ọkọ̀ náà dé ibi tó yẹ kí ó gbé e dé. Ìbéèrè tó kù kì í ṣe ti kílọ́ọ̀ṣì mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló bi í lálẹ́ ọjọ́ náà, láìsí ẹ̀gàn lóhùn rẹ̀ rárá: “Bàbá wọn, turbo tí ẹ ń sọ yìí, ọdún wo lẹ fẹ́ fi í?” Ọkùnrin náà ṣí ìwé pélébé rẹ̀. Iye tó kọ síbẹ̀ gbẹ̀yìn ti di ìtàn, nítorí náírà kò dúró dè é. Ohun tó kù nínú owó náà sì ń lọ bá tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú.

Irú ti ilé-iṣẹ́ ni ó rà: àwo, irin tó ń tẹ̀ ẹ́, bíárìn, àti fúláìwíìlì alápá-méjì tuntun, nítorí irú fúláìwíìlì bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń há lójú kí wọ́n tún lò ó. Fúláìwíìlì nìkan gbówó lórí ju ìyókù lọ. Mẹkáníìkì kìlọ̀ pé kí wọ́n má fi sáré fún nǹkan bí 800 kìlómítà àkọ́kọ́, kí ojú àwo lè bára mu. Ìmọ̀ràn yìí kò ṣòro fún akẹ́kọ̀ọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, ọmọ náà pa ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bàbá kò sọ nǹkan kan. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó jẹ́ kí pẹ́dàlì gòkè díẹ̀díẹ̀, ó dúró níbi tí àwo ti ń bára kàn, ọkọ̀ sì rọra gbéra. Nínú ìjókòó kejì, ẹsẹ̀ òsì bàbá rẹ̀ ṣì ń tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ níbi tí kò sí pẹ́dàlì kankan.