Àkísà Àgbà: Fíìmù Àtijọ́ Inú Ilé Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀kan nínú irú àkísà bẹ́ẹ̀ ni fíìmù tí àwọn òbí wa fi ya àwòrán tí ń rìn kí fídíò tó gbòde.

Lọ́dún 1965 ni ilé-iṣẹ́ Kodak gbé fíìmù Super 8 jáde fún lílò nínú ilé. Bàbá mi ra kámẹ́rà rẹ̀ kan bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀n. Ẹsẹ̀ bàtà 50 ni róòlù kan, àwòrán wẹ́wẹ́ 3,600 ló wà lára rẹ̀. Síbẹ̀, bí àwòrán 18 bá ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta àti díẹ̀ lọ tí yóò fi tán.

Ooru àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá fíìmù. Bí ó bá ti ń rùn bí ọtí kíkan, ó ti ń jẹrà nìyẹn. Yóò súnkì, yóò sì ká kò. Róòlù mẹ́fà ni bàbá mi fi sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ọ̀kan sì ti ń rùn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wa sọ wọ́n di fídíò orí kọ̀ǹpútà kò tan wọ́n sára ògiri kí ó tó fi kámẹ́rà yà wọ́n, nítorí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ a máa ṣẹ́jú, ẹ̀rọ àtijọ́ sì lè fa fíìmù gbígbẹ ya. Ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán náà lọ́kọ̀ọ̀kan ni ó lò.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni iṣẹ́ ẹ̀rọ pin sí. Fíìmù náà kò ní ohùn. A rí obìnrin kan tó ń jó níbi ìsọmọlórúkọ àbúrò mi lọ́dún 1975, ọwọ́ rẹ̀ dúdú títí dé ọrùn ọwọ́. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú àwa ọmọ. Ìyá wa, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ló wò ó, tó ní: "Ìyá Aláró nìyẹn, ẹ̀gbọ́n bàbá yín. Òun ló rẹ ọ̀já tí mo fi pọ̀n yín láró." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Kò sí fọ́tò ìyá náà kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹbí wa.

A ní kí ìyá wa tún un wò láti ìbẹ̀rẹ̀, a gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù, a sì so ó mọ́ fídíò náà. Àwọn mẹ́rin wà níbẹ̀ tí àwọn náà kò rántí mọ́. Bàbá mi ì bá mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ti lọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá rí irú róòlù bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ má jù ú nù, kódà lẹ́yìn tí ó bá ti di fídíò. Ẹ fi ẹ̀dà fídíò náà pamọ́ síbi méjì tàbí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó ti àgbà tó kù nílé, kí ẹ sì máa bi wọ́n léèrè: "Ta nìyí?"