OMI LÓ DÀNÙ, AGBÈ Ò FỌ́. ṢÉ A WO AGBÈ NÁÀ?

 

Ọ̀rọ̀ ehoro ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Àbígbẹ̀yìn mi ní ehoro kan tó ń jẹ́ Sísí. Kì í ṣe ehoro ọbẹ̀ o, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Sísí lóyún àkọ́kọ́. Nǹkan bí ọjọ́ 31 ni oyún ehoro. A gbé àpótí sínú àgò rẹ̀, a da koríko gbígbẹ sí i, a ń retí kó fa irun ara rẹ̀ tẹ́ ẹ fún àwọn ọmọ. Àfi bí ajá àdúgbò ṣe ń gbó lóru ọjọ́ tó bímọ. Ẹ̀rù bà á, orí wáyà ló bí wọn sí. Ọmọ ehoro tuntun ò ní irun lára, ojú wọn ò sì tíì là. Kí ilẹ̀ tó mọ́, òtútù ti pa gbogbo wọn. Mẹ́fà ni.

Ọmọ mi bú sẹ́kún. Mo gbọ́wọ́ lé e léjìká: "Má sunkún mọ́. Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a máa tún gbé e fún akọ."

Ó wò mí: "Dádì, ṣé ẹ ti wo Sísí fúnra rẹ̀?"

Mi ò tíì wò ó.

Mo pe ọ̀dọ́mọkùnrin ìjọ wa kan tó ń kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ní FUOYE, ní ọgbà wọn tó wà ní Ìkọ̀lé níbí. Ó ní ká kó àwọn òkú ọmọ kúrò, ká pààrọ̀ koríko, kí omi tó mọ́ má tán níwájú rẹ̀. Ó ní ká dín fíìdì kù fún ọjọ́ díẹ̀ kí wàrà lè gbẹ, kó máa jẹ koríko àti ewé. Ó wá ń fọwọ́ kan ọmú Sísí níkọ̀ọ̀kan. "Dádì, tó bá le, tó gbóná, tó pọ́n, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ò dá, ẹ wá dókítà ẹranko. Ehoro tí kò bá jẹun fún ọjọ́ kan, ẹ má dúró dọ̀la. Ẹ má sì kánjú gbé e fún akọ o. Ẹ jẹ́ kára rẹ̀ kọ́kọ́ bọ̀ sípò."

A fi aṣọ bo àgò náà, a lé ajá jìnnà. Ọmọ mi ń já yánrin àti ewé ọ̀dùnkún wá. Ọjọ́ kìíní, Sísí kàn fẹnu kan ewé díẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ó wá jẹ ẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà.

Ibẹ̀ ni Ẹ̀mí Mímọ́ ti bá mi wí.

Arábìnrin kan nínú ìjọ wa pàdánù oyún oṣù méje lọ́dún tó kọjá. (Ó fún mi láyè kí n sọ ọ́, mi ò ní dárúkọ rẹ̀.) Èmi àtàwọn alàgbà lọ síbẹ̀. Mo wàásù, mo pa òwe agbè, mo ní ìbejì ni lámọ́dún. Ó ṣe àmín. Lẹ́yìn ìyẹn, kò wá sí ìjọ mọ́. Èmi sì ń sọ pé èṣù ló ń fà á sẹ́yìn!

Mi ò bi í bóyá ó ti jẹun. Mi ò mọ̀ pé ọmú rẹ̀ ń ṣe wàrà tí kò sí ọmọ tó máa mu ún. Ìyàwó mi ló là mí lóye lálẹ́ ọjọ́ tí mo sọ ti Sísí fún un.

Ẹ wo Èlíjà nínú 1 Àwọn Ọba orí 19. Ikú ló ń tọrọ lábẹ́ igi. Áńgẹ́lì ò wàásù fún un. Ó fọwọ́ kàn án, ó fún un ní àkàrà àti omi. Èlíjà tún sùn. Áńgẹ́lì tún bọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìrìn àjò wá yá. Mo ti wàásù ibẹ̀ láìmọye ìgbà, mi ò rí oúnjẹ tó wà níbẹ̀.

Èmi àti ìyàwó mi padà lọ, a gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí dání. Mo ní, "Arábìnrin, ẹ má bínú sí mi. Mo yára sọ̀rọ̀ jù." Lẹ́yìn tó jẹun tán, ó sọ orúkọ tó ti mú fún ọmọ náà fún wa. Oṣù mélòó, kò sẹ́ni tó béèrè.

Mi ò fi ènìyàn wé ẹranko o. Ohun tí mo ń sọ ni pé ohun tí a ṣe fún ehoro, a ò ṣe é fún ọmọ Ọlọ́run. Tẹ́ ẹ bá lọ kí ẹni tó pàdánù ọmọ, ẹ gbé oúnjẹ lọ. Ẹ bá a fọṣọ. Tí ara rẹ̀ bá gbóná tàbí ẹ̀jẹ̀ ò dá, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá, ẹ máa gbàdúrà lọ lọ́nà. Ẹ má bi í ìgbà tí òmíràn ń bọ̀. Òótọ́ ni, agbè ò fọ́. Ṣùgbọ́n ó lè ti sán.

Gbogbo ìyá tó ń sunkún níkọ̀kọ̀, Olúwa á tù yín nínú, á sì rán ẹni tó máa jókòó tì yín, lórúkọ Jésù.

Ta lẹ máa lọ wò lọ́sẹ̀ yìí?