Òkè Wo Ni Kí A Mú Ọmọ àti Àgbà Lọ?

Àwa tí a ń gbé ní Ẹ̀jìnrìn mọ omi ju òkè lọ. Etí ọ̀sà ni ìlú wa wà, ilẹ̀ wa sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọkọ̀ ojú omi ló sọ ọjà Ẹ̀jìnrìn di olókìkí láàrin Ìjẹ̀bú àti Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ dáadáa tí kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ àpáta rí. Ìdí nìyí tí àwọn ìdílé fi ń béèrè, bí ọlidé bá ti ń súnmọ́lé, pé òkè wo ni tọmọdé tàgbà lè jọ gùn kí wọ́n sì padà sílé ní àlàáfíà.

Ìdáhùn wa kò gùn. Ẹ má ṣe fi agbára ẹni tó lágbára jù yan òkè. Ẹsẹ̀ ẹni tí kò lágbára ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 33, Ésáù fẹ́ kí òun àti Jákọ́bù jọ máa lọ. Jákọ́bù ní kí ó máa lọ níwájú, nítorí àwọn ọmọ kò le, òun yóò sì rọra bọ̀ ní ìwọ̀n ìrìn wọn. Ọgbọ́n ìrìn àjò ìdílé nìyẹn.

Àwọn tó mọ òkè gígùn dáadáa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Scotland, níbi tí òkè Ben Nevis ti ga tó 1,345 mítà, wọ́n pín àwọn ọ̀nà tí a ti ń fi ọwọ́ ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ sí ipele 1, 2 àti 3. Ipele 1 ló rọrùn jù. Kì í ṣe gíga òkè ni wọ́n ń wò. Wọ́n ń wo bí ọ̀nà ti le tó, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá yẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú kan náà wo òkè mẹ́rin nílẹ̀ wa.

Olúmọ, ní Abẹ́òkúta

Ibí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Láti Ẹ̀jìnrìn, a ó gba Ẹ̀pẹ́ dé Ìjẹ̀bú-Òde, kí a tó kọjá sí Ṣágámù àti Abẹ́òkúta. Abẹ́ àpáta yìí ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun, ní nǹkan bí 1830, tí Ṣódẹkẹ́ jẹ́ olórí wọn. Orí rẹ̀ ga ju òkun lọ ní 137 mítà. Àtẹ̀gùn ti wà lára àpáta náà. Nígbà tí wọ́n tún ibẹ̀ ṣe ní 2006, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn ròkè kún un. Ẹ̀rọ lè ṣiṣẹ́, ó sì lè má ṣiṣẹ́: ẹ múra bí ẹni tí yóò fi ẹsẹ̀ gùn ún. Ọmọ kékeré tí a di lọ́wọ́ mú lè dé òkè. Ojúbọ wà níbẹ̀. A kì í bọ ọ́, a kì í sì í ba ohun onílé jẹ́.

Òkè Ìdànrè

Láti Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ gba Ọ̀rẹ̀ àti Oǹdó. Orí òkè ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé títí di nǹkan bí 1923 kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀. Ààfin àtijọ́ àti kóòtù àtijọ́ ṣì wà lókè. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà. Kì í ṣe ewu ló pọ̀ níbẹ̀ bí kò ṣe ọ̀nà tó gùn. Orúnkún ló ń jìyà. Nígbà tí a lọ, ìyá àgbà kan láàrin wa dúró ní ìdajì ọ̀nà, ọ̀kan nínú wa sì jókòó tì í. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, a bá wọn tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìyá kò dé òkè, ṣùgbọ́n ọlidé tirẹ̀ náà dùn.

Adó-Àwáyè

Òkè yìí wà ní ìhà Ìṣẹ́yìn, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àtẹ̀gùn 369 ni wọ́n kà sí i. Kò tó ti Ìdànrè, ṣùgbọ́n ó ga gan-an. Adágún Ìyákẹ̀ wà lórí rẹ̀. Orí àpáta gbalasa ni a ń rìn lókè, nítorí náà ẹ di ọwọ́ ọmọ mú, kí ẹ sì gba ọmọ ìlú tó mọ ọ̀nà.

Olúmirin, ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà

Omi tó ń já láti orí àpáta ní ìpele méje ni. Gbogbo ìdílé lè dé ìpele àkọ́kọ́. Bí a ti ń lọ sókè ni a ń fi ọwọ́ di gbòǹgbò àti òkúta mú, omi sì ń mú kí òkúta máa yọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn le ni kí ó lọ sókè, kí wọ́n má sì dá lọ.

Kí ẹ tó gbéra

Ìgbà ọyẹ́ ló dára jù, nítorí àpáta gbẹ. Bí òjò bá ṣú, ẹ má gùn ún. Ẹ tètè lọ ní àárọ̀, kí oòrùn tó mú àpáta gbóná, kí olúkúlùkù sì gbé omi dání. Bàtà kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò tíì jẹ ni kí ẹ wọ̀. Sílípáàsì kì í ṣe bàtà òkè. Níbi tí ọwọ́ ti ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́, nínú ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì, mẹ́ta gbọ́dọ̀ dúró gírígírí kí ọ̀kan tó kúrò. Ẹ sì fi agbára pamọ́ fún ìsọ̀kalẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ ti máa ń yẹ̀.

Ẹ gbàdúrà kí ẹ tó lọ, ṣùgbọ́n àdúrà kò ní kí a má wo ẹsẹ̀. Bí ọmọ bá ní ẹ̀rù ń ba òun, ẹ gbà á gbọ́. Bí ọ̀nà bá le ju ìdílé lọ, ẹ padà. Òkè kò ní sá lọ, ọlidé mìíràn ń bọ̀. Kí gbogbo ẹni tó bá jáde nílé jọ padà sílé: òun ni gígùn òkè tó yọrí sí rere.