AAGO WO NI Ẹ̀RÍ?

Ọ̀rọ̀ aago ni a mú wá lọ́dún yìí, nítorí pé díẹ̀ ló kù kí ó ba orúkọ ọmọlúàbí kan jẹ́ láàárín àwa tí a jọ ka kéú ní Àgọ́ Aláyé.

A dáwọ́ lé ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa sọ àkókò ìrun fún Ọ̀rẹ̀ àti àyíká rẹ̀. Iṣẹ́ náà le ju bí a ti rò lọ. Ìwọ̀n 15 ní ìlà-oòrùn ni wọ́n fi gbé aago Nàìjíríà kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ Ọ̀rẹ̀ kò tó ìwọ̀n 5. Ìdí nìyí tí oòrùn fi ń yẹ àtàrí wa ní bí 12:24 nínú oṣù kọkànlá, tí ó sì ń di bí 12:54 nínú oṣù kejì. Aago náà gan-an, àwọn òyìnbó yí i títí: ní 1905 Èkó gba ti Greenwich, ní 1908 wọ́n padà sí ti oòrùn Èkó, tó fi ìṣẹ́jú 13 àti àáyá 35 ṣáájú rẹ̀, ní 1914 ó di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ní 1919 ó di wákàtí kan tí à ń lò dòní.

Inú Git ni a ń kó àtúnṣe wa sí. Ó ń ka iye àáyá láti ìbẹ̀rẹ̀ 1970 ní aago UTC, ó sì ń kọ ìyàtọ̀ aago ẹni tó ṣiṣẹ́ mọ́ ọn. Tiwa ni +0100.

Àwọn méjì mú àtúnṣe kan náà wá lórí ìrun Àìlà, lọ́jọ́ kan náà nínú oṣù kìíní. Ọ̀kan ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ni òun ṣe tòun, ṣùgbọ́n aago méje alẹ́ ló hàn sí wa. Ti èkejì wà ní aago méjì ọ̀sán. Ni àwọn kan bá ń pè é ní olè. Àáfà wa ní kí a wo ẹ̀rí fínnífínní. Ohun tí a bá níbẹ̀ ni 10:00 -0800. Ta ló wà ní California nínú wa? Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ló ń lò. Ẹni tó tà á fún un fi ọwọ́ yí aago bá tiwa mu, ó fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀ sí Amẹ́ríkà. Àmì yẹn wà lára àwọn iṣẹ́ rẹ̀ àtẹ̀yìnwá pẹ̀lú, kódà ọ̀kan dé ọwọ́ wa kí wákàtí tí a kọ sí i tó pé! A yọ wákàtí mẹ́sàn-án, tirẹ̀ sì ṣáájú.

A ti yí kọ̀ǹpútà náà sí Africa/Lagos. Àwọn àkọsílẹ̀ àtijọ́ ṣì wà bẹ́ẹ̀, torí bí a bá fọwọ́ kan ọ̀kan, àmì ìdánimọ̀ gbogbo èyí tó tẹ̀lé e ni yóò yí padà. Ìwé pélébé kan ni a kọ tì í, orúkọ rẹ̀ ló sì wà lórí àtúnṣe Àìlà.